Aago Wo Lẹ Dán Ti Òyìnbó Wò?

Àgídìngbì, Ìkẹjà.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Bùsáyọ̀, Àṣàkẹ́ ọmọ àbúrò mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún 1989, nígbà tí mo jẹ́ olórí yàrá àyẹ̀wò ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe pọ́ǹpù omi ní Ìlúpéjú, wọ́n ní kí n fi pọ́ǹpù méjì wé ara wọn, kí n sọ èyí tó dára jù. Mo fi màgòmágó ṣe é. Ẹnì kan pàdánù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nítorí ìwé tí mo fọwọ́ sí, kò sì sí ẹni tó fura títí di òní. Mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ó dáa kó mọ̀ bí tíṣà òun bá jẹ́ olè.

Ó yá, mo wá kí ọ. O kú òtútù o. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi ń tẹ èyí, ìka méjì péré ni mo sì ń lò, nítorí náà bí lẹ́tà mi bá pẹ́, má sọ pé mo ń bínú. Etí mi kò gba fóònù mọ́. Nígbà tí o pè lánàá, o ń sọ̀rọ̀, èmi ń dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni' bí ẹni tó ń gbọ́. Ìgbà tí mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè gidi lo bi mí.

Bí ó bá yé mi, sáfà ni ètò tó jókòó sórí kọ̀ǹpútà ńlá yín, tó ń dá gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú ewé yín láti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lóhùn. Marek, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ èyí tí ẹ ń lò báyìí, ó sì ti lo ọdún méje lórí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ fẹ́ ra òmíràn láti ìta. Wọ́n ní kí o dán méjèèjì wò, kí o kọ èyí tó yá jù sínú ìjábọ̀. Bí ti Marek bá fìdí rẹmi, wọn á jù ú nù, òun náà á sì wá ibòmíràn lọ. Ìwọ sì ń bi mí pé báwo ni o ṣe máa ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ọ wí.

N kò mọ kọ̀ǹpútà. Èrú ni mo mọ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí n bi ọ́ bí èrú ṣe ń béèrè. Ta ló tò wọ́n? Ẹni tó bá mọ ọ̀kan dáadáa yóò tún ìyẹn ṣe títí yóò fi máa dán, yóò sì lo èkejì bó ṣe jáde látinú páálí. Ṣé orí ẹ̀rọ kan náà ni méjèèjì jókòó lé? Ṣé o jẹ́ kí méjèèjì gbóná kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Pọ́ǹpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í fa omi bí èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ohun tí o bá ṣe fún Táíwò, ṣe é fún Kẹ́hìndé. Kí o sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́.

Tinúọlá ìyá rẹ kí ọ láti Ọmọ́lẹ́. Ó ní kí o fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní òun ti rí yìnyín tó, ojú rẹ ni òun fẹ́ rí.

Èmi ni,
Akínfẹ́nwá, Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù. Ṣé ara yín le? Mọ́mì sọ fún mi pé ẹ ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dúró láti oṣù tó kọjá. Ẹ kọ ojú ewé méjì sí mi, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọdún márùndínlógójì, ẹ ò sì jẹ́wọ́ ti oṣù tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín.

Ẹ̀yin, Bàbá? Màgòmágó? Bí Dádì bá wà láyé, wọn ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà? Pé nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe pọ́ǹpù, tí ilé iṣẹ́ yín fẹ́ yan ọ̀kan nínú tiwọn àti ti òyìnbó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọn lẹ dán an wò, ẹ sì kọ ọ́ pé ti àbúrò yín kò tó. Ìgbàkigbà tí mo bá gba òdo nínú ìṣirò, tí mo ń sunkún pé tíṣà kórìíra mi, wọ́n á ní, 'Bùsáyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi èmi ọmọ ìyá rẹ̀ sí ipò kejì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ tún ìṣirò rẹ ṣe.' Ẹ̀yin náà lẹ san owó ilé ẹ̀kọ́ mi láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ohun yòówù tí ẹ ṣe fún pọ́ǹpù ẹlòmíràn, ẹ̀rí ọkàn yín ló ń mú un wú bí búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ní ti iṣẹ́ mi, mo ti rò pé mo parí. Mo dá ètò kan sílẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rán an sí sáfà méjèèjì. Èyí tí wọ́n fẹ́ rà ń dáhùn ìbéèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Marek, ẹgbẹ̀rún méjì. Inú ọ̀gá mi dùn débi pé kí n tó kọ ìjábọ̀ ló ti ń ka ìjábọ̀ mi fún àwọn èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ta ló tò wọ́n. Àwọn tó ń ta èyí tuntun rán èèyàn wọn wá, ó fi ọjọ́ méjì gbáko tún un tò. Marek wà ní ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí náà mo lo tirẹ̀ bí mo ṣe bá a. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹni tó bá mú télọ̀ wá síbi ìdíje, ṣé a ó ní kó bọ́ aṣọ rẹ̀ ni?

Ọmọ yín,
Bùsáyọ̀.


Àgídìngbì, Ìkẹjà.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Àṣàkẹ́ mi,

Mo ti padà sídìí oògùn. Ìyá rẹ ń jábọ̀ mi bí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́.

Ohun tí o kọ nípa baba rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọláfẹ́mi rí mi ju bí mo ṣe rí lọ. Jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ télọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá mú télọ̀ wá, fún èkejì náà ní télọ̀ fún ọjọ́ méjì, tàbí kí o bọ́ aṣọ méjèèjì. Dúró de Marek.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Nínú ìdáhùn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn, mélòó ni ìdáhùn gidi? Mo ń béèrè nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ kan tí mo lọ fi ara mi hàn ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè, kí wọ́n má baà dá owó ìfẹ̀yìntì mi dúró. Ojú fèrèsé méjì ni wọ́n ṣí. Ìlà ti fèrèsé kìn-ín-ní ń lọ bí omi. Ti èkejì kò mira. Mo fi ọgbọ́n àgbà bọ́ sí ìlà tó ń yá. Láìpẹ́, mo dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó jókòó níbẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

'Bàbá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.'

'Ọmọ mi, òní kọ́ ni ọjọ́ Ẹtì?'

'Ẹtì tó ń bọ̀ ni, Bàbá. Ẹni tó kàn!'

Ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn. Obìnrin tó wà ní fèrèsé kejì ń wo ìwé, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń lu òǹtẹ̀, ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Bí a bá ka iye orí tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan dá lóhùn ní wákàtí kan, ọmọkùnrin yẹn ni wọn yóò fún ní ẹ̀bùn òṣìṣẹ́ tó yá jù. Lọ wò ó bóyá òun ni ọ̀gá rẹ fẹ́ rà.

Má sì kọ ìpíndọ́gba nìkan. Bí a bá ṣe ìpíndọ́gba omi tó ń wọ ilé wa ní Àgídìngbì, a ní omi tó. Ọjọ́ Ajé ló máa ń kún àgbá ju bó ṣe yẹ lọ, ní Ọjọ́bọ̀ ẹ̀rọ á máa sú ìfé. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni kí o lọ bá sọ̀rọ̀. Nínú ìjábọ̀ rẹ, kọ ti ẹni tó dúró pẹ́ jù náà.

Akínfẹ́nwá.


Leeds.
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọgbọ́n. Akọ̀wé ọjọ́ Ẹtì yín wà ní Leeds!

Mo ṣí àwọn ìdáhùn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí sáfà tuntun ń fúnni, irinwó jẹ́ ojú ewé òfìfo tó sọ pé àṣìṣe wà, kí ẹni náà padà wá. Ó yá nítorí kò ṣe nǹkan kan. Mo yọ ìyẹn kúrò. Mo dúró de Marek, mo fún un ní ọjọ́ méjì bí mo ṣe fún àwọn tó ń tajà, ó tún tirẹ̀ tò. Síbẹ̀ ti Marek ṣì kéré, kò sì yé mi, torí pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dán an wò láàárọ̀, ó yá.

Mo jókòó, mo kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ń dán sáfà tuntun wò. Bí mo bá jẹun ọ̀sán tán, ní aago méjì, ni mo máa ń dán ti Marek wò. Mi ò ní nǹkan búburú lọ́kàn, bí iṣẹ́ ṣe tò tẹ̀ léra ni. Àṣé ní aago méjì lójoojúmọ́, ilé iṣẹ́ wa máa ń da gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ sí ibi ìpamọ́, orí ẹ̀rọ yẹn kan náà ni iṣẹ́ ọ̀hún sì ti ń wáyé. Sáfà Marek ń sáré pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo yí wákàtí wọn padà. Mo ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá, lónìí èyí ṣíwájú, lọ́la ìyẹn ṣíwájú. Méjèèjì ń fúnni ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ẹgbẹ̀ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín àná àti òní sáfà kan ṣoṣo.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó ní, 'Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kò mọ èyí tó yá jù?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Ó ní, 'Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́?' Bàbá, ìbéèrè yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe irọ́. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ kọ ló jẹ́ òtítọ́. Mi ò parọ́ kan ṣoṣo, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ọmọ tuntun.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí. Nígbà tí mo ń kọ àwọn wákàtí yẹn sílẹ̀, Dádì sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n máa ń sọ pé aago méje ìrọ̀lẹ́ lẹ pè wọ́n wá wo àyẹ̀wò pọ́ǹpù wọn, pé gílóòbù yàrá náà ń pọ́n bí ọsàn. Ibi ẹ̀rín ìtàn náà nìyẹn tẹ́lẹ̀, pé àwọn ò rí nọ́ńbà tó fìdí àwọn rẹmi kà dáadáa. Ẹ ní 1989. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi.

Bàbá, aago wo lẹ dán ti òyìnbó wò?

Bùsáyọ̀.


Àgídìngbì, Ìkẹjà.
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Ẹrẹ́nà, 2024.

Bùsáyọ̀,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ wú mi lórí púpọ̀, má sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ dẹ́rù bà ọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Ooru kò tíì lọ. Ara mi le.

Ní ti ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, ó ti pẹ́ jọjọ. Ìwé kan wà níbì kan. Màá wá a.

Akínfẹ́nwá.


Leeds.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Igbe, 2024.

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Ọjọ́ méjìdínlógún nìyí.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìdáhùn tó yá tí kò dáhùn, kí n yọ ọ́ kúrò nínú iye. Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà tí mo kọ tèmi. Ẹ ò yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yọ ọ́ kúrò. Ẹ ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo fi ìjábọ̀ mi sílẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n ra sáfà tuntun náà bí wọ́n ṣe fẹ́ rà á tẹ́lẹ̀, ìjábọ̀ mi wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Marek máa lọ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá sídìí tábìlì mi, ó tẹ ìjábọ̀ náà jáde, ó ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó ní, 'Ó kéré tán, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kọ́ ló burú.' Ó ní òun yóò mú un dání lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Dádì mi kú ní 2011. Wọn ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú dání. Mi ò béèrè nǹkan tó pọ̀. Aago ni mo béèrè.

Bùsáyọ̀.


Àgídìngbì, Ìkẹjà.
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Èbìbí, 2024.

Àṣàkẹ́,

Ọjọ́ Ẹtì nìyí. Mo ṣí fèrèsé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo dán ti òyìnbó wò. Jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ ni mo fi gbé e, fólítì igba ó lé ogún, kò mì. Ó fa lítà mọ́kànlélógójì ní ìṣẹ́jú kan. Ti baba rẹ, mo fi í sí aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí a má fi epo ṣòfò. Iná ìjọba ni mo fi gbé e, ní wákàtí tí gbogbo ilé tó yí wa ká ti tan gílóòbù wọn tí wọ́n sì ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Ọgọ́jọ fólítì ni mítà ń kà. Pọ́ǹpù náà fa lítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo kọ lítà méjèèjì sínú ìjábọ̀, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Fólítì ni n kò kọ. Kò sí ẹni tó béèrè.

Má rò pé òyìnbó ló rán mi. Ọ̀gá wa ní kí n dán wọn wò dáadáa, ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo rán Ọláfẹ́mi ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo fẹ́ kó mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí wọ́n bá gba pọ́ǹpù rẹ̀, òun ni yóò di olórí ẹ̀ka tuntun, èmi yóò sì máa kọ ìjábọ̀ fún un. Bí mo ṣe ka àbájáde tán nínú ìpàdé, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú gbogbo wọn. 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ká ní ẹlòmíràn ni, á ti ṣojúsàájú fún mi.' Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ mí di mánéjà nítorí ìwà òtítọ́ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àyẹ̀wò, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo dán pọ́ǹpù baba rẹ wò lórí igba ó lé ogún fólítì. N kò mọ ohun tó dé sí mi. Ẹni tó parọ́ ló máa ń fẹ́ mọ òtítọ́ jù. Ó fa lítà mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n ìwé àyẹ̀wò mi, mo sì gbé ìwé náà lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Fẹ́mi ní kí n dá àwòrán pọ́ǹpù náà padà fún òun, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Mo ní ọ́fíìsì ti sọ ọ́ nù. Ó ní kò burú, pọ́ǹpù tó kùnà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọ́jú àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà wà ní kíká nínú ìwé yẹn. Níbẹ̀ ló wà láti ìgbà náà.

O ní ọjọ́ méjìdínlógún. N kò fi gbogbo rẹ̀ sá. Mo lọ sí Agége, sí ṣọ́ọ̀bù Àbdùlgàfár lẹ́bàá ojú irin, ẹni tí baba rẹ kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn tó fi ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀. Nínú pọ́ǹpù mẹ́ta tí Fẹ́mi ṣe láyé rẹ̀, ọ̀kan ló ṣẹ́ kù. Ó ń fa omi kànga ilé Àbdùlgàfár títí di òní. Mo gbé mítà fólítì, aago ọwọ́ àti garawa ológún lítà dání. Mo ní kó tan jẹnẹrétọ̀. Mò ń pọn, mò ń dà á nù, mò ń pọn, mò ń dà á nù. Fàúsát ìyàwó rẹ̀ jáde sí mi.

'Bàbá, ṣé ilẹ̀ lẹ ń fọ̀ ni?'

'Mò ń ka omi ni, ìyàwó mi.'

'Omi! Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ wá bá mi ka ìrẹsì.'

Ọkọ rẹ̀ ní, 'Fi Bàbá sílẹ̀. Ọ̀gá mi náà máa ń kà á.' Ó wá yíjú sí mi. 'Ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá Fẹ́mi máa ń tú u, Bàbá. Wọ́n á ní àléébù kan wà nínú ẹ̀ tó ń fara hàn nírọ̀lẹ́, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ló rí i, àwọn ò rí i. Bó bá di àárọ̀, á tún máa fa omi dáadáa. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi wá àléébù yẹn. Ṣé ẹ̀yin rántí ohun tó jẹ́, kí n lè tún un ṣe?'

Mo jókòó sórí garawa náà. Mo sọ fún un pé èmi ni àléébù náà. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà.

Lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, ó fa lítà méjìdínlógójì. Ó yẹ kí n dán ti òyìnbó wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó lè tọ́. Mo wá a láti Ìlúpéjú dé Agége. Mo bi àwọn tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, mo bi àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kò sí ọ̀kan láàyè mọ́ nínú gbogbo èyí tí a tà. Nítorí náà, n kò lè kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé pọ́ǹpù baba rẹ ló borí lónìí. Kò rí ẹni bá díje. Ìwọ náà yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a kọ ọ́.

Mo lọ sí Ọmọ́lẹ́ lánàá, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó dìde, ó bu omi tútù fún mi, ó ní kí n mu ún kí n máa lọ sílé. Mo mu ún.

O ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí owó ilé ẹ̀kọ́. Má dúpẹ́ mọ́. N kò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, nítorí ẹni tí mo ṣẹ̀ ti dárí jì mí kó tó mọ ohun tí mo ṣe, n kò sì mọ irú ìdáríjì tí ìyẹn jẹ́.

Kíkẹ́lọmọ, ọ̀rẹ́ rẹ, ń padà sí Leeds lọ́la. Mo ti fi ìwé àyẹ̀wò náà rán an sí ọ, àwòrán baba rẹ wà nínú rẹ̀. N kò ya ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá ṣí ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, wàá rí àyè òfìfo tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà láti 1989. Mo ti kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ sí i báyìí, bírò rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìgbà náà ni mo kọ ọ́: igba ó lé ogún fólítì, jẹnẹrétọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ìgbà mẹ́ta. Ẹni tó ṣe pọ́ǹpù: Ọláfẹ́mi. Ẹni tó fi pamọ́: Akínfẹ́nwá.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sàn-án òní ni mo gbé e lé Kíkẹ́lọmọ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi mí, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Akínfẹ́nwá.